Àfẹ́sọ́nà ní Òkè Òkun: Ẹkún Ìyàwó àti Ìrìn-àjò Ẹni tí Ó Ń Lọ Bá Olólùfẹ́ Rẹ̀

1. Ìfáárà

   

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ń tọ́ sọ́nà fún oyè ọ̀mọ̀wé wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ó ti ṣe iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ dé ìdajì. Ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Láti ìgbà tí wọ́n ti mọ ara wọn, ọjọ́ mẹ́tàlélógún péré ni wọ́n ti jọ wà lójú kan náà; orí fóònù ni gbogbo ìyókù. Ìwé àṣẹ ìwọ̀lú rẹ̀ ti jáde. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi mi: ‘Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kí n máa lọ?’ Mo ní kí ó fún mi láyè kí n ronú sí i. Ohun tí mo rò ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí.

Kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Mo gbà pé nínú gbọ̀ngàn yìí, ẹni tí kò ní ọmọ, àbúrò, ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ tí ó ti lọ bá ọkọ tàbí aya ní òkè òkun kò ní pọ̀. Èmi kì í ṣe amòfin. Lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi, pàápàá jù lọ lítíréṣọ̀ alohùn. Ṣùgbọ́n àwọn baba ńlá wa dá oríṣi ewì kan sílẹ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ fi ilé baba rẹ̀ sílẹ̀ lọ máa bá ẹni tí kò tíì mọ̀ tán gbé. Ẹkún ìyàwó ni. Bí ewì bá wà fún irú ìrìn-àjò kan, ó yẹ kí olùkọ́ ewì ní ohun kan láti wí nípa rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ kan wò. Yorùbá a máa pe ẹni tí a ti tọrọ ṣùgbọ́n tí a kò tíì gbé ní àfẹ́sọ́nà. À-fẹ́-sí-ọ̀nà ni: ẹni tí a fẹ́, tí ó sì wà lójú ọ̀nà. Fífẹ́ yàtọ̀, gbígbé yàtọ̀. Ọkàn àti ẹnu ni a fi ń fẹ́. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni a fi ń gbé. Èdè wa mọ̀ pé ọ̀nà kan wà láàárín àwọn méjèèjì, pé ó yẹ kí ẹnìkan ṣọ́ ọ̀nà náà. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé jíjìn ọ̀nà kọ́ ni ìṣòro àwọn àfẹ́sọ́nà òde òní. Iṣẹ́ mẹ́rin kan wà tí àwọn ẹbí máa ń ṣe lójú ọ̀nà náà. Bí ọ̀nà ti ń gùn sí i ni a ń já àwọn iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, a kò sì rántí yan ẹni tí yóò ṣe wọ́n dípò wa.

2. Láti agboolé dé agboolé

Ètò ìgbéyàwó àtijọ́ kò ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni níbí: ìfojúsóde, ìwádìí, alárinà, ìjọ́hẹn, ìtọrọ, ìdána, ìgbéyàwó. A sábà máa ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní àwọn orúkọ wọ̀nyí bí ẹni ka owó. Ẹ jẹ́ kí a wò wọ́n lọ́nà mìíràn, gẹ́gẹ́ bí ìpalẹ̀mọ́ ìrìn-àjò.

Iṣẹ́ kìíní ni ìwádìí. Àwọn ẹbí yóò bèèrè bóyá wèrè, wárápá tàbí ẹ̀tẹ̀ wà nínú ìran náà, bóyá wọ́n jẹ gbèsè, bóyá ọwọ́ wọn mọ́, irú ìwà tí àwọn ọkùnrin wọn ń hù sí obìnrin. Àdúgbò ni wọ́n ti ń bèèrè, kì í ṣe lẹ́nu ọkọ ìyàwó. Iṣẹ́ kejì ni ẹ̀rí. Níbi ìdána, gbogbo ojú ni ó rí i, gbogbo ẹnu ni ó jẹ nínú oyin àti obì náà. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ lẹ́yìn ọ̀la pé òun kò mọ̀. Iṣẹ́ kẹta ni ìgbàlejò. Ọkọ kì í fúnra rẹ̀ lọ mú ìyàwó. Àwọn obìnrin ilé ni ó ń sìn ín wá. Wọ́n a wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí ó tó wọlé. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ẹni tí ó ti wà nínú agboolé kí ó tó dé ni ó di ọkọ tàbí ìyálé rẹ̀, kò sì ní pe wọ́n lórúkọ. Òun ni yóò wá orúkọ àpọ́nlé fún wọn: Akọ̀wé, Adúmáadán, Ìdílẹ̀kẹ̀. Nínú fífún wọn lórúkọ, ó ń mọ̀ wọ́n, àwọn náà ń mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ kẹrin ni ọ̀nà ìpadà. Bí ilé ọkọ bá gbóná, ó lè gba ilé baba rẹ̀ lọ rojọ́. A ní ọ̀rọ̀ kan fún obìnrin tí ó kúrò nílé ọkọ padà sílé: dálémoṣú. Kì í ṣe orúkọ àpọ́nlé, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gbọ́ ọ dáadáa, ó ń jẹ́rìí pé ilẹ̀kùn ilé baba kò tì.

Níbo ni ẹkún ìyàwó ti wọ inú ètò yìí? Ní agbègbè Ọ̀yọ́, Ìsẹ́yìn, Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn ìlú tí ó súnmọ́ wọn, bí ìgbéyàwó bá ku ọ̀la, ìyàwó pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò máa lọ láti ilé dé ilé. Yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀, yóò sọ ìbẹ̀rù rẹ̀ nípa ibi tí ó ń lọ, yóò sì tọrọ ìwúre. Àwọn lámèyítọ́ ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ẹwà èdè rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ó ń sọ ìbẹ̀rù di ohun tí gbogbo ènìyàn gbọ́. Bí ó bá dẹ̀yìn ọ̀la tí nǹkan sì burú, kò sí ẹni tí yóò bi í pé, ‘Kí ló dé tí o kò sọ?’ Ó ti sọ ọ́, orin ni ó fi sọ ọ́, gbogbo agboolé sì ti sunkún sí i.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń sọ pé ayé àtijọ́ kò ní àbùkù. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ni a ti fẹ́ sọ́nà kí wọ́n tó mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ọ̀pọ̀ ni a kò bi léèrè. Àwọn kan gba ọ̀nà ìpadà náà, àwọn ẹbí sì dá wọn padà sínú iná. Ètò ni mo ń sọ, n kò sọ pé gbogbo ìgbà ni ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ètò tí ó kùnà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan sàn ju kí ètò má sí rárá.

3. Ọ̀nà Góòlù Kóòsì

Kí a tó máa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ni a ti ń lọ sí Góòlù Kóòsì, ilẹ̀ tí ó di Gánà ní ọdún 1957. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìníṣà, Ọ̀ffà, Ìgbẹ́tì, Ṣakí àti àwọn ìlú mìíràn tẹ̀dó sí Kúmásí, Tàmàlè àti àwọn ìlú kéékèèké ní ìhà àríwá. Púpọ̀ nínú àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ni ó ránṣẹ́ sílé láti fẹ́ aya, a sì fi ìyàwó ránṣẹ́ sí wọn.

Ẹ wo bí àwọn iṣẹ́ mẹ́rin náà ti rí lójú ọ̀nà yìí. Ìwádìí rọrùn, nítorí ìlú kan náà ni tọkọtaya ti wá, nígbà mìíràn agboolé wọn kò ju ìwọ̀n ìjùkò síra wọn. Ẹ̀rí wà, nítorí ilé ni a ti ṣe ìdána. Nígbà tí ìyàwó bá dé Tàmàlè, àwọn obìnrin ìlú rẹ̀ ni yóò bá níbẹ̀, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú yóò gbà á, ọjà yóò sì gbà á; láìpẹ́ òun náà yóò ní igbá tirẹ̀ tí ó ń tà, owó ọwọ́ rẹ̀ yóò sì jẹ́ tirẹ̀. Ọ̀nà ìpadà ń bẹ, nítorí àwọn ará ilé ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Ọ̀nà gùn ní tòótọ́, ṣùgbọ́n agboolé ni ó bá ìyàwó rin ìrìn náà.

A tún rí i pé ọ̀nà ìpadà yìí kì í ṣe ti ìyàwó nìkan. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí ó fi Gánà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó kó ẹrù wálé. Ẹni tí kò já okùn tí ó so ó mọ́ ilé rí ibi tí yóò sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ sí. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n àjò mìíràn wà tí ó jẹ́ pé òun ni yóò lé onílé relé.

4. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi

Ọ̀nà Ìlú Ọba yàtọ̀. Àpẹẹrẹ kan tí ó ṣe kedere ni ti Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, tí ó wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ WASU sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1925. Ní ọdún 1929 ó wá sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà láti wá owó fún ẹgbẹ́ náà, nígbà tí ó sì ń padà lọ ní ọdún 1932, aya ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, Ọpẹ́olú. Ní ọdún 1933, WASU ṣí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ojú pópó Camden Road, Ọpẹ́olú ni ó sì ń mójú tó ilé náà. Ẹ wò ó: ìyàwó tí kò bá agboolé níbi tí ó lọ ni ó sọ ara rẹ̀ di agboolé fún àwọn ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ilé kan ni èyí. Ìlú náà tóbi.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń lọ pọ̀ sí i, àwọn aya sì ń tẹ̀lé wọn. Ọkọ̀ ojú omi ilé-iṣẹ́ Elder Dempster ni ọ̀pọ̀ wọ̀. Èyí tí orúkọ rẹ̀ kù lẹ́nu àwọn àgbà jù ni Aureol, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1951 tí ó sì fi ọ̀nà yìí sílẹ̀ ní ọdún 1974. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni a fi ń rin ìrìn náà láti Èkó dé Liverpool.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi bá Aureol lọ ní ọdún 1960. Ọkọ rẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ òfin. Fọ́tò rẹ̀ ni a gbé sórí àga níbi ìdána. Wọ́n a máa sọ fún wa pé nígbà tí àwọn dé èbúté, àwọn kò dá ọkọ àwọn mọ̀ nínú kóòtù ńlá àti fìlà tí ó dé, àfi ìgbà tí ó ki oríkì àwọn. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé. ‘Kò sí ẹni tí ó wẹ ẹsẹ̀ fún mi,’ báyìí ni wọ́n máa ń wí, wọ́n a sì rẹ́rìn-ín. Ní oṣù kẹta, wọ́n bá ọkọ wọn jà. Ní Ìsẹ́yìn, ìyálé kan ìbá ti dá sí i kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọjọ́ mẹ́jọ ni wọn kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀, ohun tí ó sì parí ìjà náà ni pé gáàsì tán nínú mítà, ó di dandan kí ẹnìkan bèèrè ṣílè lọ́wọ́ èkejì.

Ẹ̀rín ni a fi ń gbọ́ ìtàn yìí nígbà tí a wà ní ọmọdé. Nígbà tí mo dàgbà ni mo mọ ohun tí ó wà nídìí rẹ̀. Ìwádìí wà, ẹ̀rí wà. Ìgbàlejò ni kò sí. Ìyá ọkọ kò sí láti gbé ọmọ pọ̀n, àwọn méjèèjì sì ní láti ṣiṣẹ́ tàbí kí wọ́n lọ sí kíláàsì. Ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà ni ó fi ọmọ wọn fún òyìnbó tọ́, ní Kent, ní Sussex àti níbòmíràn, tí wọ́n ń san owó ọ̀sẹ̀. Wọ́n a máa polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World láti wá alágbàtọ́. Ọdún kan ààbọ̀ ni àkọ́bí ẹ̀gbọ́n ìyá mi lò ní Kent. Nígbà tí wọ́n lọ mú un, kò gbọ́ Yorùbá mọ́. Apá ìtàn yìí ni wọn kì í rẹ́rìn-ín sí. Ilé gbígbé náà le: kí òfin ọdún 1968 tó dé, kò sí òfin tí ó ní kí onílé má fi àwọ̀ lé ayálégbé sẹ́yìn.

Ọmọ Ìbò tí a bí sí Èkó ni ó kọ ìtàn ìrìn-àjò yìí jù lọ nínú ìwé. Buchi Emecheta lọ bá ọkọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1962. Ní ọdún 1966 ó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ márùn-ún, kò sì tíì ju ọmọ ọdún 22 lọ. Ìwé rẹ̀, Second-Class Citizen, tí ó jáde ní ọdún 1974, dá lórí irú ayé bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó gbà á là ni iṣẹ́ ìkàwé tí ó mọ̀, ẹ̀kọ́ tí ó tún lọ kọ́, àti gègé ọwọ́ rẹ̀. Igbá ọjà tirẹ̀ nìyẹn.

5. Láti àrokò dé orí fóònù

Kí ni àwọn tí ó jìnnà síra wọn fi ń bára wọn sọ̀rọ̀? Àrokò ni ti àtijọ́. Láàárín àwọn Ìjẹ̀bú, bí ẹnìkan bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́, ẹfà ni, ohun tí ó ń wí ni pé ọkàn òun fà mọ́ ẹni náà. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹ̀jọ ni: èrò àwọn méjèèjì jọra. Àrokò kì í rìn fúnra rẹ̀, ẹni kan ni ó ń mú un lọ. Ẹni náà ti rí ojú ẹni tí ó ránṣẹ́. A lè bi í pé, ‘Báwo ni o ṣe bá a? Ṣé ara rẹ̀ le?’

Lẹ́tà dé lẹ́yìn náà, akọ̀wé lẹ́tà ni ó sì ń kọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí ẹlòmíràn yóò tún kà á sí wọn létí. Kásẹ́ẹ̀tì tẹ̀lé e: ẹni tí ó wà lókè òkun yóò gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, yóò fi rán ẹni tí ó ń bọ̀ wálé, gbogbo ilé yóò sì jókòó yí rédíò ká. Lónìí, fóònù ni. Ó yá ju gbogbo àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ, a tilẹ̀ ń rí ojú ara wa nínú rẹ̀. Aago Lọ́ńdọ̀nù kò sì fi ju wákàtí kan lọ yàtọ̀ sí tiwa nígbà òtútù; nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ọgbọọgba ni.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: bí ọ̀nà ti ń yá sí i ni etí tí ń gbọ́ ń dín kù sí i. Àrokò ní ẹni tí a rán. Lẹ́tà ní ẹni tí ó kọ ọ́ àti ẹni tí ó kà á. Kásẹ́ẹ̀tì ní gbogbo ilé. Fóònù ní ènìyàn méjì péré, lóru, nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì. N kò bu ẹnu àtẹ́ lu fóònù; ìfẹ́ nílò àṣírí. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹni náà fẹ́ kí a rí ni fóònù ń fi hàn wá. Kì í fi bí ó ti ń bá ẹni tí ó rẹlẹ̀ sí i sọ̀rọ̀ hàn, kì í fi ohun tí ó ń ṣe nígbà tí owó bá tán hàn. Ojú ni ó ń rójú ṣàánú, ojú náà ni ó sì ń rójú mọ ìwà.

6. Nígbà tí ìjọba di alárinà

Òfin ọdún 1962 ni ó kọ́kọ́ fi ìdènà sí ìwọlé àwọn ará Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì sí Ìlú Ọba, síbẹ̀ ó fi àyè sílẹ̀ kí aya lọ bá ọkọ. Láti ìgbà náà ni àyè náà ti ń dín kù. Ní àwọn ọdún 1980 títí di ọdún 1997, òfin kan wà tí ó ní kí ẹni tí ó ń lọ bá olólùfẹ́ fi hàn pé kì í ṣe torí àtiwọ ìlú ni olórí ìdí tí òun fi ṣe ìgbéyàwó. Báwo ni ènìyàn ṣe ń fi ohun tí kò sí nínú ọkàn rẹ̀ hàn?

Lónìí, tọkọtaya gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 18. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti fi ojú kan ara wọn rí. Wọ́n gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá pé òtítọ́ ni ìfẹ́ wọn àti pé kò tíì tutù. Ẹni tí ó ń ti Nàìjíríà lọ yóò ṣe ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, yóò sì ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ife. Owó tí ẹni tí ó wà lọ́hùn-ún gbọ́dọ̀ máa rí lọ́dún jẹ́ 18,600 pọ́ùn láti ọdún 2012. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 2024 wọ́n gbé e dé 29,000. Láti oṣù Kejì ọdún 2024 kan náà, owó ìtọ́jú ìlera tí àgbàlagbà ń san ṣáájú di 1,035 pọ́ùn fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Ìwé àṣẹ àkọ́kọ́ jẹ́ ti oṣù 33. A ó tún un gbà fún oṣù 30. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún ni a tó lè bèèrè fún ìgbélùú títí lọ.

Bí ẹ bá wo àwọn ìbéèrè wọ̀nyí, ẹ ó rí i pé àwọn baba wa ìbá mọ̀ wọ́n: Ta ni í? Ṣé ó lè bọ́ ọ? Ṣé ẹ ti rí ara yín? Ṣé àìsàn kò sí? Ìjọba ti gba ipò alárinà. Fọ́tò, ìwé ìrìnnà àti ọ̀rọ̀ orí fóònù ni òṣìṣẹ́ ìjọba ń kà, bí àwa olùkọ́ ti ń ka ìwé akẹ́kọ̀ọ́, tí ó sì ń dá a lẹ́jọ́ pé ìfẹ́ yìí jọ òtítọ́ tàbí kò jọ ọ́. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ kò kéré. Nítorí ìyàwó ni ẹbí fi ń ṣe ìwádìí. Nítorí àpò àti ẹnubodè rẹ̀ ni ìjọba fi ń ṣe tirẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba kò ní lọ sí àdúgbò ọkọ láti bèèrè irú ènìyàn tí ó jẹ́. Èyí ni àṣìṣe tí mo ń rí lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ẹbí lónìí: bí ìwé àṣẹ bá ti jáde, wọ́n a rò pé ìwádìí ti parí.

Láàárín ọdún márùn-ún náà, orí ìgbéyàwó ni àṣẹ ìgbélùú ẹni tí ó lọ dúró lé. Òfin mọ ewu tí ó wà níbẹ̀. Láti ọdún 2002 ni òfin wọn ti fi àyè sílẹ̀ kí ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ fọ́ nítorí pé wọ́n ń fi ìyà jẹ ẹ́ nínú ilé bèèrè fún ìgbélùú ní orúkọ ara rẹ̀. Láti ọdún 2012, ó sì tún lè gba ààyè oṣù mẹ́ta láti fi rí ìrànlọ́wọ́ ìjọba. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1970 dá oríṣi ìwé àṣẹ kan sílẹ̀ tí n kò mọ orúkọ tí ó bá a mu ju ti àfẹ́sọ́nà lọ: ẹni tí ó bá gbà á gbọ́dọ̀ ṣe ìgbéyàwó láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́ tí ó wọ ìlú. Òfin ọdún 1986 fi ìdánwò ọdún méjì sí ìgbélùú ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ kò tíì pẹ́. Òfin ọdún 1994 sì jẹ́ kí ẹni tí ọkọ tàbí aya ń fi ìyà jẹ lè kọ̀wé fúnra rẹ̀. Ọ̀nà ìpadà ni gbogbo ìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ pé ilẹ̀kùn wà kò ní í ṣí i.

7. Nígbà tí ọkọ bá tẹ̀lé aya

Èdè wa gbà pé obìnrin ni ó ń lọ. ‘Ilé ọkọ’ ni a ń wí. Òfin náà ronú bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ní ọdún 1985, Ilé-ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù dá ìjọba Ìlú Ọba lẹ́bi nínú ẹjọ́ àwọn obìnrin mẹ́ta tí a kò gbà kí ọkọ wọn wá bá wọn, nígbà tí a ń gbà kí aya lọ bá ọkọ. Èsì tí ìjọba náà fọ̀ ni pé ó mú òfin le fún àwọn aya pẹ̀lú. Kí a má rẹ́rìn-ín: òfin ilẹ̀ tiwa, ti ọdún 1999, fi àyè sílẹ̀ kí obìnrin àjèjì tí ó fẹ́ ọmọ Nàìjíríà forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilẹ̀, kò sì fi irú àyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ọkùnrin àjèjì.

Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin àti àwọn tí ń tọ́jú arúgbó ti yí ọ̀rọ̀ padà. Obìnrin ni ó ń ṣáájú, ọkọ ni ó ń tẹ̀lé e. Ọkùnrin tí ó jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́ nílé yóò dé ibi tí a kò ti mọ̀ ọ́n, owó aya ni yóò kọ́kọ́ jẹ, orúkọ aya ni ó wà lórí ìwé ilé. Kò sí ẹkún ọkọ nínú lítíréṣọ̀ wa. A kò kọ́ ọkùnrin bí a ti ń sọ pé ẹ̀rù ń ba òun. Mo gbà pé púpọ̀ nínú ìjà tí a ń gbọ́ láti ọ̀hún, ìbẹ̀rù tí kò rí ewì ni.

Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ lè lọ mọ́. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2024, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní Ìlú Ọba kò lè mú ọkọ tàbí aya wá mọ́, àfi àwọn tí ń ṣe oyè ìwádìí àti ìwọ̀nba àwọn tí ìjọba kan ń san owó wọn. Láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún náà, òfin kan náà bá àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó. Àfẹ́sọ́nà wá di ẹni tí a fẹ́, tí ọ̀nà sì tì mọ́.

8. Àgbálọgbábọ̀

Kí ni mo wá sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ mi? N kò sọ pé kí ó lọ, n kò sì sọ pé kí ó má lọ. Ilé ayé rẹ̀ ni. Iṣẹ́ mẹ́rin náà ni mo kà fún un, mo sì ní kí ó sọ ẹni tí yóò ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìwádìí: ta ni, yàtọ̀ sí ọkọ rẹ̀, tí ó mọ ọkọ rẹ̀ níbi tí ó ń gbé? Ẹ̀rí: àwọn wo ni ó mọ àdéhùn tí wọ́n jọ ṣe nípa owó, nípa ọmọ, nípa ìgbà tí wọn yóò padà sílé? Ìgbàlejò: ènìyàn méjì wo, yàtọ̀ sí ọkọ rẹ̀, ni yóò lè kan ilẹ̀kùn wọn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, iṣẹ́ wo ni yóò sì jẹ́ igbá ọjà tirẹ̀? Ọ̀nà ìpadà: ṣé ìwé ìrìnnà rẹ̀ yóò wà lọ́wọ́ ara rẹ̀, ṣé ó mọ òfin tí ó wà lórí rẹ̀, ṣé owó ọkọ̀ òfuurufú àbọ̀ wà níbi kan tí kò ní tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni? Mo sọ fún un pé èyí kì í ṣe àìgbẹ́kẹ̀lé. Ìyàwó tí ó ní ọ̀nà ìpadà tí kò sì gbà á ni a lè sọ pé ó yàn láti dúró.

Ó rí ìdáhùn sí mẹ́ta. Ẹ̀kẹrin, èyí tí í ṣe ìgbàlejò, ni kò rí. Ó lọ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti dágbére. Kò mọ ẹkún ìyàwó. Ìyá rẹ̀ pàápàá kò mọ̀ ọ́n dé òpin. Ṣùgbọ́n níwájú àwọn ẹbí tí ó péjọ, ó sọ lọ́rọ̀ ṣákálá ohun tí ó ń bà á lẹ́rù. Ilé dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni àbúrò ìyá rẹ̀ mú fóònù, ó pe obìnrin ìlú wọn kan tí ó ti ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù fún ọdún mọ́kànlélógún, ó sì ní, ‘Ìyàwó wa kan ń bọ̀ o. Ẹ bá wa pàdé rẹ̀.’

Ó ti lọ báyìí. A fún un láyè láti parí iṣẹ́ oyè rẹ̀ láti ọ̀hún, orí kẹta sì ti dé ọwọ́ mi. Bóyá yóò dára fún un, n kò lè sọ. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa ìgbéyàwó kankan, ì báà jẹ́ láti ojúlé dé ojúlé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bọ́ sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú, ẹni méjì ni ó ń dúró dè é, ọkọ rẹ̀ àti obìnrin kan tí ó mọ orúkọ agboolé rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ẹbí, iṣẹ́ yín kò parí nígbà tí ìwé àṣẹ bá jáde. Ẹ jẹ́ kí ọmọ sọ ìbẹ̀rù rẹ̀ kí ó tó lọ, kí ẹ sì gbọ́ ọ.